Èsì wa sí rìfíù oníràwọ̀ méjì lórí họ́ọ̀lù tíátà Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́tta

Ẹ káàsán ma, ẹ kú iṣẹ́. A ti rí rìfíù tẹ́ ẹ kọ nípa wa, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún, àwọn èèyàn sì ti ń fi ránṣẹ́ sí wa láti àná tí wọ́n ń bi wá pé kí ló dé, torí ẹ̀ ni mo ṣe ní kí n fèsì níbí tí gbogbo ayé ti máa rí i, kì í ṣe ìjà o. Fún ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀: àwa la ya plan họ́ọ̀lù tíátà ìyá wa yìí, a sì dúró ti iṣẹ́ náà títí wọ́n fi ṣílé. Ohun tí wọ́n kọ ni pé àwọn ní ká kọ́ họ́ọ̀lù róbótó bí ìlù, a kọ́ àpótí fún wọn. Ìjókòó 500 làwọn fẹ́, 280 làwọn rí. Ògiri inú wọ́, síílíìnì ṣe págunpàgun bíi pé kápẹ́ńtà mutí. Àga tá a ní kí wọ́n rà ti wọ́n jù. Pákó sítéèjì ń mì. Ilé jẹnẹrétọ̀ ló ń kọ́kọ́ kí àlejò ní géètì. Owó wa náà tún ga, ọmọkùnrin kan ládùúgbò ì bá ya plan yẹn ní ìdajì.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látorí ògiri, torí ibẹ̀ ló dùn mí jù.

Ma, ẹ bá mi wọ họ́ọ̀lù páátì èyíkéyìí tí wọn ò tíì kó àga sí, ẹ dúró láàárín, kẹ́ ẹ pàtẹ́wọ́ ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ máa gbọ́ ta-ta-ta-ta, bíi pé ẹlòmíì ń bá yín pa á. Ògiri méjì tó kọjú síra wọn gbọọrọ ló ń ti ìró yẹn síra wọn lọ́wọ́. Tó bá jẹ́ àtẹ́wọ́ nìkan ni, ta ló kàn, ṣùgbọ́n òṣèré ló máa dúró síbẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ kejì á ti jáde kí ti àkọ́kọ́ tó lọlẹ̀, ẹni tó wà lẹ́yìn á máa bi ẹnìkejì ẹ̀ pé kí ló wí kí ló wí. Ìdí nìyẹn tá a fi yí ògiri ọ̀tún àti tòsì díẹ̀, kí wọ́n má baà dojú kọra wọn tààrà. Síílíìnì tẹ́ ẹ ń bú yẹn, apá tó dà gẹ̀rẹ̀ lókè sítéèjì ló ń gbé ohùn òṣèré lọ bá àwọn tó wà ní bákónì. Lọ́jọ́ ìṣílé, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré yín sọ àwàdà kan láìgbé máìkì dání, ìlà tó kẹ́yìn pátápátá lókè ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kápẹ́ńtà ò mutí o. Kódà òun gan-an bínú sí wa ju yín lọ nígbà tá a ní kó tú èyí tó ti kàn, torí ó ti ṣe é kó gún régé, ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí.

Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún wa lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ jókòó pé ẹgbẹ́ yín kì í ṣeré láìsí dùndún, ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni mo gbé gbogbo plan lé. Họ́ọ̀lù tí wọ́n bá kọ́ fún àwọn onífáyólíìnì òyìnbó, ìró lè pẹ́ tó sẹ́kọ́ǹdì méjì níbẹ̀ kó tó kú, orin wọn á kàn dùn sí i ni. Ibi tí wọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, sẹ́kọ́ǹdì kan náà ti tó. Dùndún ńkọ́? Ìlù ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ló ń sọ, inú bí ohùn ṣe ń gòkè tó ń sọ̀ lọ̀rọ̀ ọ̀hún wà. Tí ohùn òkè ò bá tíì kú tí ti ìsàlẹ̀ fi dé, wọ́n á dà pọ̀ mọ́ra, oríkì tí onílù ń ki èèyàn á di ariwo lásán, ẹni tí wọ́n ń kì ò ní mọ̀ pé òun ni, kò sì ní náwó, onílù á wá máa bínú sí àkítẹ́ẹ̀tì.

Ọ̀rọ̀ àga náà ò jìnnà síyẹn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Harvard l'Amẹ́ríkà, Wallace Sabine lorúkọ ẹ̀, ní 1895 wọ́n ní kó wá nǹkan ṣe sí gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan tí wọ́n kọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nǹkan tí olùkọ́ ń sọ nínú ẹ̀, ìró ń pẹ́ ju sẹ́kọ́ǹdì márùn-ún lọ níbẹ̀. Òru ló máa ń ṣiṣẹ́, á lọ kó tìmùtìmù àga ní tíátà tó wà nítòsí, á tò ó sínú gbọ̀ngàn, á wọn bí ìró ṣe pẹ́ sí, á tún kó sí i, á tún wọ̀n ọ́n, kílẹ̀ tó mọ́ á ti dá wọn padà. Ibẹ̀ ni ìṣirò tí gbogbo wa ń lò dòní ti jáde. Àga onífóòmù máa ń mu ìró bíi kí èèyàn jókòó sórí ẹ̀, torí náà tí họ́ọ̀lù ò bá kún ní Wẹ́sìdeè, ohùn ò ní yàtọ̀ púpọ̀ sí ti Sátidé tó kún fọ́fọ́. Tẹ́ ẹ bá kó àga rọ́bà sí i, ohun tẹ́ ẹ gbọ́ nígbà ìdánrawò kọ́ lẹ máa gbọ́ nígbà eré.

Ẹ ní róbótó. Ògiri róbótó máa ń kó ìró jọ sójú kan bí òrùlé ṣe ń da òjò sínú gọ́tà, ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ á dití, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ á máa na ọrùn. Ẹ wá ní National Theatre tó wà ní Igánmú ńkọ́, ṣé òun ò rí bíi fìlà sójà ni? Ó rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Bulgaria ló kọ́ ọ, Palace of Culture and Sports tó wà ní Varna nílùú wọn ni wọ́n wò yà á, ó parí ní 1976 kí FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti 1977, tó dé, họ́ọ̀lù ńlá ibẹ̀ sì gba èèyàn 5,000. Láti 2024 orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n ń pè é. Ilẹ̀ ìjọba, owó ìjọba nìyẹn ma. Ilẹ̀ tiyín, ẹsẹ̀ bàtà 60 by 120 ni, láàárín ilé onílé. Ìlù tẹ́ ẹ fẹ́ náà kò sọnù, iwájú ilé ló wà: àwọn pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró gọgọrọ lójú fèrèsé yẹn, okùn awọ ara dùndún la wò ṣe wọ́n, àwọn ló sì ń dí oòrùn ọ̀sán fún yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń ya fọ́tò níwájú ibẹ̀ kò mọ̀ ọ́n, kò burú.

Freedom Park tẹ́ ẹ tún mẹ́nu bà, pé ìta gbangba ni wọ́n ti ń ṣeré níbẹ̀, ohùn sì ń dáa, bẹ́ẹ̀ ni. Ohùn tó bá jáde ní gbangba ti lọ nìyẹn, kò rí ibì kankan gbún padà. Ṣùgbọ́n tí òjò bá dé, kálukú á wá ibi sá sí.

Ìjókòó. 60 by 120 jẹ́ nǹkan bíi 670 sikúéà mítà, ẹ yọ àyè tí òfin ní ká fi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, lẹ́yìn àti níwájú kúrò, ó kù díẹ̀ kó má tó ìdajì ilẹ̀ tá a rí kọ́. Ẹnì kan tó jókòó, ká ka ọ̀nà tó ń gbà kọjá mọ́ ọn, ń gba tó 0.7 sikúéà mítà. Èèyàn 500, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín, gbogbo ilé pátá ti tán, a ò tíì wá sítéèjì, a ò tíì wá yàrá ìmúra, tọ́ílẹ́ẹ̀tì ńkọ́, ilẹ̀kùn tí èèyàn máa gbà sá jáde tí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́? Gbogbo ilẹ̀kùn yẹn ìta ló ń ṣí sí, mi ò sì ní gbà kí ẹnikẹ́ni fi ṣéènì dè wọ́n. Nínú 280 tẹ́ ẹ ní, kò sí ọ̀kan tó jìnnà sí sítéèjì tó 20 mítà, torí kọjá ibẹ̀ ojú òṣèré ò fi bẹ́ẹ̀ hàn mọ́, a sì ṣe ilẹ̀ ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn kí wọ́n lè rí ẹsẹ̀ oníjó bàtá. Kí ni wọ́n fẹ́ wò lára oníjó bàtá tí wọn ò bá rí ẹsẹ̀ ẹ̀?

Torí ẹsẹ̀ yẹn náà ni pákó sítéèjì fi ń mì. Ẹ fẹ́ táìlì nígbà náà, a kọ̀. Tí wọ́n bá ń fò lórí kankéré lójoojúmọ́, orúnkún àti ojúgun àwọn ọmọ yẹn ló máa san gbèsè ẹ̀. Rọ́bà wà lábẹ́ igi tó gbé pákó, ó yẹ kó mì.

Jẹnẹrétọ̀ wà ní géètì torí fọ́yè (gbọ̀ngàn àbáwọlé), àtẹ̀gùn òkè àti tọ́ílẹ́ẹ̀tì ló wà láàárín òun àti họ́ọ̀lù. Lẹ́yìn ilé tẹ́ ẹ fẹ́ kó wà, ògiri kan péré ni ì bá kù láàárín òun àti sítéèjì. Reluwé Òyìngbò nìkan ti tó wa, òun la ṣe kọ́ ògiri méjì sí ìhà ibẹ̀ tá a fi àlàfo sáàárín. Tẹ́ ẹ bá gbin òdòdó yí ilé jẹnẹrétọ̀ ká, mo fara mọ́ ọn, ẹ ṣáà má dí ihò tó fi ń mí.

Owó: ẹ̀yin lẹ mọ iye tẹ́ ẹ san, mi ò ní sọ ọ́ níta. Ọmọkùnrin àdúgbò yẹn lè mọ̀ ọ́n yà dáadáa, ṣùgbọ́n tí orúkọ ẹ̀ ò bá sí lọ́dọ̀ ARCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn àkítẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, kò ní òǹtẹ̀ tó máa lù ú, ẹ ṣì máa wá ẹni tó ní in.

Ó ku ohun kan tí ẹni tó kọ̀rọ̀ sábẹ́ rìfíù yín sọ, pé òun ń gbọ́ ohùn tó ń padà wá láti ẹ̀yìn. Mo gbà á gbọ́. Mo rí i nínú fídíò tẹ́ ẹ gbé síta pé ẹ ti na báńà flex ti onígbọ̀wọ́ bo gbogbo ògiri ẹ̀yìn, aṣọ tó wà lára ògiri yẹn ló ń mu ohùn, ọ̀rá lẹ sì fi bò ó. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá wa ṣí i kúrò kí eré Sátidé tó bẹ̀rẹ̀. Fọ́yè láyè dáadáa, ẹ gbé e síbẹ̀, onígbọ̀wọ́ ò ní bínú, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń gbà wọlé. Ọmọ ọ́fíìsì wa á mú àkàbà wá ní Fúráìdé, kẹ́ ẹ ṣáà sọ fún gétìmáànù kó má dá a dúró níta bíi tọjọ́sí.