Bí Ejò Ò Bá Rìn Pọ̀

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní ìpínlẹ̀ Maryland, bọ̀dá kan tó ti gba páálì Amẹ́ríkà tipẹ́ ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀ Ààrẹ fún wa bí ẹni pé wọ́n jọ jẹun àárọ̀ ni. Ó mọ orúkọ sẹ́nétọ̀ ìpínlẹ̀ tí kò dé rí. Ẹnì kan wá bi í bóyá ó dìbò káńsù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dì ládùúgbò rẹ̀. Ó yọ ṣùtì: "Èwo ni tèmi níbẹ̀? Ọ̀rọ̀ àwọn àkátà nìyẹn." Gbogbo tábìlì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú ju ọ̀rọ̀ náà lọ.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà: bí ọká bá ṣíwájú, tí pamọ́lẹ̀ tẹ̀ lé e, tí òjòlá ń wọ́ ruru bọ̀ lẹ́yìn, ta ló jẹ́ dúró? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jáde, igi kan náà la fi ń pa wọ́n.

Ẹ wo ìlú Ferguson ní Missouri. Ìlú kékeré ni, èèyàn bí 21,000, aláwọ̀ dúdú sì ni ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn. Nígbà tí ọlọ́pàá yìnbọn pa Michael Brown níbẹ̀ lọ́jọ́ 9 oṣù kẹjọ ọdún 2014, òyìnbó ni mẹ́yọ̀, òyìnbó ni márùn-ún nínú kánsẹ́lọ̀ mẹ́fà, dúdú mẹ́ta péré ló wà nínú ọlọ́pàá 53. Ta ló lé àwọn tó pọ̀ jù nílùú kúrò nídìí àpótí ìbò? Kò sí. Oṣù kẹrin ni wọ́n ń dìbò ìlú, nígbà tí kò sí orúkọ Ààrẹ kankan lórí ìwé ìbò. Lọ́dún 2012 tí Obama ń díje, wọ́n tú jáde. Ní oṣù kẹrin 2014, nínú ọgọ́rùn-ún tó forúkọ sílẹ̀, bíi méjìlá ló dìbò.

Bẹ́ẹ̀ káńsù yẹn ló ń yan adájọ́ ìlú. Òun ló ń gba mánéjà ìlú síṣẹ́, mánéjà ló ń yan ọ̀gá ọlọ́pàá. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ tú àṣírí wọn ní oṣù kẹta 2015, ó hàn pé owó ìtanràn ni wọ́n fi ń bọ́ àpò ìlú. Obìnrin dúdú kan wà nínú ìwé ìwádìí ìjọba náà tó páàkì mọ́tò síbi tí kò yẹ ní 2007. Dọ́là 151 ni wọ́n bù lé e, pẹ̀lú owó kéékèèké mìíràn. Kò ní in lódidi. Ó mú dọ́là 25 lọ, ó tún mú 50 lọ, kóòtù dá a padà, wọ́n ní àfi kó san án tán lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n mú un lẹ́ẹ̀mejì, ó lo ọjọ́ mẹ́fà látìmọ́lé, ó san dọ́là 550, síbẹ̀ ní ìparí 2014 ó ṣì jẹ wọ́n ní 541. Nítorí páàkì! Ọmọ aláwọ̀ dúdú ló sì wà lórí àga Ààrẹ ní ọ̀pọ̀ nínú ọdún wọ̀nyẹn.

Ní oṣù kẹrin 2015 ojú wọn là. Bí ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún ló jáde, káńsù sì di dúdú mẹ́ta nínú mẹ́fà. Ella Jones tó wọlé lọ́jọ́ náà ló di mẹ́yọ̀ ní 2020, dúdú àkọ́kọ́. Wesley Bell tí wọ́n jọ wọlé ló gba ipò olùpẹjọ́ àgbà ẹkùn náà ní 2018 lọ́wọ́ Bob McCulloch tó ti wà níbẹ̀ láti 1991. Ìbò kì í ṣe oògùn o; Bell náà tún ẹjọ́ Brown gbé yẹ̀ wò ní 2020, kò pe ọlọ́pàá náà lẹ́jọ́, ó sì dun ọ̀pọ̀ èèyàn. Ṣùgbọ́n òun náà ló ní kí wọ́n yé tìtorí igbó díẹ̀ wọ́ ọmọ ọlọ́mọ lọ sí kóòtù.

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ní Lowndes County, Alabama, mẹ́rin nínú èèyàn márùn-ún ló dúdú, síbẹ̀ nígbà tí 1965 bẹ̀rẹ̀, kò sí orúkọ ọ̀kan ṣoṣo wọn nínú ìwé olùdìbò. Àwọn tó lọ forúkọ sílẹ̀, onílẹ̀ lé wọn jáde; inú àgọ́ ni wọ́n ń sùn tọmọtọmọ. Wọ́n fi ẹkùn dúdú ṣe àmì ẹgbẹ́ òṣèlú wọn nítorí àwọn tí kò mọ̀wé, bí àwọn bàbá wa ṣe ń wá àmì ọ̀pẹ nígbà ayé Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ. Wọ́n fìdí rẹmi ní 1966. Ní 1970, John Hulett, tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, di ṣẹ́ríìfù.

Àwọn tí ẹ ń pè ní àkátà nìyẹn. Oṣù kẹjọ 1965 ni òfin ìdìbò wọn jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà ni òfin ìwọ̀lú tó ṣílẹ̀kùn fún àwa ará Áfíríkà tẹ̀ lé e. Ẹ gba ilẹ̀kùn wọlé, ẹ ń fi onílẹ̀kùn ṣẹ̀fẹ̀. Ọlọ́pàá tó bá dá yín dúró lóru ò ní bi yín bóyá Ìjẹ̀bú lẹ ti wá. Ẹ mọ ọjọ́ gbogbo òde aṣọ ẹbí títí dé oṣù kejìlá, ẹ ò mọ ọjọ́ ìbò káńsù, ẹ ò mọ ẹni tó ń ṣe òfin ilé ìwé àwọn ọmọ yín. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò yín, ẹ bá a tò. Bẹ́ ò bá sì ní lọ, ẹ má gbé tíkẹ́ẹ̀tì ọlọ́pàá kankan wá fi hàn mí mọ́.