Ìlà ojú mọ́nítọ̀ kọ́ ni ọkàn

"Ẹ wò ó, ìlà yẹn ṣì ń fò! Bàbá ò tíì kú!" Bí dókítà bá ti ní aláìsàn kú, mo mọ ohun tí kì í jẹ́ kí ojú ará ilé kúrò lára mọ́nítọ̀, ẹ̀rọ ọsibítù tó ń ya ìlà ọkàn sójú rẹ̀. Fíìmù ló kọ́ wa pé bí ìlà bá ń fò, ẹ̀mí ń bẹ. Bó bá tẹ́jú, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ ìlù ọkàn. Iná tín-ín-rín tó ń gba inú ọkàn kọjá ló ń gbà láti ara àwọn àlẹ̀mọ́ orí àyà, iná ọ̀hún kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú ìdá 1,000 volt kan ṣoṣo lọ. Bátìrì rìmóòtù kan ṣoṣo jẹ́ volt 1.5. Kí ni kò ní lè da ohun tó kéré báyìí rú? Òógùn á ṣí àlẹ̀mọ́ kan, ìlà á tẹ́ pẹrẹsẹ, aláìsàn á sì máa mu ẹ̀kọ rẹ̀ lọ. Ẹlòmíràn jókòó, ó ń fọyín: wáyà ń mì, iṣan apá ń ṣiṣẹ́, ìlà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ta gìrìgìrì bíi ti ọkàn tó fẹ́ dá dúró. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á wo ojú aláìsàn, á sì wo ìlà èyí tí wọ́n há mọ́ ọn níka, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ka bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ. Bí tìka bá ń lọ jẹ́jẹ́, ọwọ́ tó ń fọyín ni mọ́nítọ̀ ń yà.

Ti pacemaker, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi sínú ara láti máa fi iná pe ọkàn kó lù, ló ń dùn mí jù. Àwọn kan gbà pé ẹni tó ní in lára kò lè kú. Arne Larsson tí wọ́n kọ́kọ́ fi í sí lára, ní Sweden ní 1958, lo pacemaker tó ju 20 lọ, síbẹ̀ jẹjẹrẹ pa á ní 2001, lẹ́ni ọdún 86. Pacemaker ló ń pè, ọkàn ló gbọ́dọ̀ jẹ́. Iná tó fi ń pè é yìí máa ń hàn lójú mọ́nítọ̀ bí ìlà tóóró, ó ṣánṣán bí abẹ́rẹ́. Bí ọkàn bá ti dákẹ́, pacemaker kò mọ̀, á ṣì máa pè. Mọ́nítọ̀ lè ka abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn sí ìlù ọkàn, kó kọ 60 sójú, nígbà tí iṣan ọrùn ọwọ́ kò mì mọ́.

Ìdí nìyẹn tí dókítà fi ń fìka tẹ ọrùn, tó ń gbọ́ àyà, kó tó sọ̀rọ̀. Kò pa irọ́ mọ́ bàbá yín. Ẹ ní kó fi ibi tó tẹ̀ hàn yín, kí ẹ̀yin náà fọwọ́ kàn án.