Fóònù kọ́ ló ń pe àrá

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ ti kọ ọ́ pé fóònù inú àpò ló ń fa àrá wá bá èèyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ga ni àrá sábà máa ń bá: igi, òpó, ẹni tó dá dúró ní gbangba oko kòkó tàbí lórí òkè Ìdànrè. Fóònù tó yẹ ká bẹ̀rù lásìkò òjò ni èyí tó wà lórí ṣájà. Bí àrá bá sán lu wáyà NEPA, agbára rẹ̀ lè gba ara wáyà wọlé, kó jó ṣájà àti fóònù, kó sì gbé ẹni tó ń fi í pè. Pípa súìṣì nìkan kò tó o. Ẹ yọ ṣájà kúrò lára ògiri kí òjò tó dé.

Bí òjò Àkúrẹ́ yìí bá wá ká yín mọ́ orí ọ̀kadà, tí fóònù mu omi, ẹ pa á, ẹ fa ibi tí SIM ń jókòó sí jáde, ẹ dorí ihò ṣájà kodò, ẹ rọra gbọ̀n ọ́n, kí ẹ wá gbé e síwájú fáànù. Inú ìrẹsì kọ́! Ìyẹ̀fun rẹ̀ á há sínú ihò. Ẹ má fi ṣájà sí i fún bíi wákàtí 24, torí iná tó bá bá omi níbẹ̀ á jẹ irin ẹnu ihò náà.

Ti oòrùn ńkọ́? Apple, tó ń ṣe fóònù iPhone, ní kí ooru àyíká má kọjá 35°C. Iwájú mọ́tò tí a pa gíláàsì rẹ̀ dé ń kọjá bẹ́ẹ̀ kíákíá. Bátìrì tó bá ti wú, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má sì fi ṣájà sí i mọ́.