Ó Yẹ Kí Òfin Lórí Epo Dísẹ́ẹ̀lì Le Sí I

Mo wà lára àwọn tó fẹ́ kí ìjọba Nàìjíríà mú òṣùwọ̀n afẹ́fẹ́ wa le sí i, àgàgà lórí imí ọjọ́ tó wà nínú dísẹ́ẹ̀lì tí à ń jó ní Èkó. Ẹni tí kò bá fọkàn tán omi ẹ̀rọ lè ra omi inú ọ̀rá, ṣùgbọ́n olówó àti mẹ̀kúnnù ni wọ́n jọ ń fa èéfín tírélà símú nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Àpápá.

Báńkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2018, nǹkan bí ènìyàn 11,200 ló kú láìtọ́jọ́ ní Èkó nítorí afẹ́fẹ́ àìmọ́, àti pé àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó ìdá 60 nínú 100 wọn. Ìṣirò ni, kì í ṣe orí kíkà. Síbẹ̀, bí ẹ bá da ìdajì rẹ̀ nù, èyí tó kù kì í ṣe ohun tí à ń gbójú fò. Ẹ̀rún èéfín tí ojú kò lè rí ló ń ṣiṣẹ́ ibi yìí: ó ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọnú ẹ̀jẹ̀, ó sì ń dá kún ikọ́ fée, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ìdí nìyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi dín ìwọ̀n rẹ̀ tó yẹ kí afẹ́fẹ́ ní láàárín ọdún kan kù láti máíkírógíráàmù 10 nínú mítà kúbíìkì afẹ́fẹ́ kan sí 5 ní ọdún 2021.

Ní Yúróòpù, imí ọjọ́ inú dísẹ́ẹ̀lì ọkọ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú mílíọ̀nù kan lọ. ECOWAS, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, fi 50 ṣe ààlà fún epo tí à ń kó wọlé láti oṣù kìíní ọdún 2021, wọ́n sì fún àwọn ilé ìfọpo abẹ́lé láyè di ọdún 2025. Síbẹ̀, ní ọdún 2024, NMDPRA, àjọ ìjọba tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ epo, àti ilé ìfọpo Dangote ṣì ń fa ọ̀rọ̀ ní gbangba lórí epo ta ni imí ọjọ́ rẹ̀ pọ̀ jù. N kò dá ẹjọ́ náà o. Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé àwa tí à ń fa èéfín ọ̀hún símú kò ní ibi tí a ti lè yẹ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn wò. Imí ọjọ́ yìí kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òórùn lásán, nítorí ó máa ń ba asẹ́ tí wọ́n fi sínú sálẹ́ńsà àwọn ọkọ̀ ìgbàlódé jẹ́, tó fi jẹ́ pé bí a tilẹ̀ lé gbogbo ògbólógbòó tókunbọ̀ kúrò lójú títì, ọkọ̀ tuntun tó ń mu epo burúkú yóò tún máa tú èéfín dúdú.

Àwọn kan yóò ní epo tó mọ́ yóò gbówó lórí. Ó ṣeé ṣe, pàápàá fún oníṣòwò tó ń gbára lé ẹ̀rọ amúnáwá nítorí iná ìjọba kò dúró. Ṣùgbọ́n owó oògùn tí ìdílé ń san láti inú àpò ara wọn náà kò sí lára iye tó wà lójú pọ́ǹpù. Ní ọdún 2001, àwọn orílẹ̀-èdè gúúsù Sàhárà pinnu ní Dakar láti fòpin sí bẹntiróòlù olójé. Nígbà tí ọdún 2006 fi wọlé, wọn kò tà á mọ́, mọ́tò kò sì tìtorí rẹ̀ dúró sójú ọ̀nà.

Ohun tí mo ń bèèrè ni pé kí wọ́n yẹ gbogbo dísẹ́ẹ̀lì wò ní èbúté àti ní ilé ìfọpo, kí wọ́n dá èyí tó bá ju 50 lọ padà láìwo ojú ẹni tó ni ín, kí wọ́n sì lẹ èsì àyẹ̀wò náà mọ́ pọ́ǹpù ní gbogbo ilé epo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye owó lítà kan.