Èsì sí Baba Ìbejì: okùn yín ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ wa, àmọ́ rílì yẹn kún

Baba Ìbejì, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo rí ohun tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ ṣọ́ọ̀bù wa ní Làgéré, pẹ̀lú ìràwọ̀ 2 tí ẹ fún wa. Ẹ ní a rẹ́ yín jẹ: ẹ ra rílì, ìyẹn ẹ̀rọ tí wọ́n ń ká okùn ìwọ̀ sí lára ọ̀pá ìpẹja, ẹ sanwó okùn ìwọ̀ mítà 200, ẹ délé, ẹ rí i pé okùn ò dé etí rílì, ẹ wá fi èyí tó wà nílé kún un. Ẹ gbé e lọ sétí omi Ọ̀pá. Nígbà kẹta tí ẹ jù ú, okùn dà wálẹ̀ wọ̀ọ̀, ó di ìtẹ́ ẹyẹ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹ ní rílì ò dáa, kí n dá owó yín padà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ẹ̀bi tó jẹ́ tèmi. Okùn yín ṣẹ́ kù sọ́dọ̀ wa lóòótọ́. Ọmọ iṣẹ́ mi ló ká rílì yẹn, mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, ó sì ká a bó ṣe yẹ. Àmọ́ nígbà tó ká a tán, ó gbé ìyókù sórí pẹpẹ, kò fún yín, kò sì sọ nǹkan kan. Mo wọ̀n ọ́n lánàá, ó jẹ́ mítà 52. Tiyín ni, owó yín lẹ fi rà á. Mo ti dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo kọ "Baba Ìbejì" sí i lára. Ẹni tó sanwó 200 tó gba 148, tí ẹnikẹ́ni ò ṣàlàyé fún un, tó bá ní wọ́n rẹ́ òun jẹ, mi ò lè bá a jà.

Ti pé rílì ò kún dé etí ni mi ò ní bẹ̀bẹ̀ lé lórí.

Ẹ wo ara kẹ̀kẹ́ tí okùn ń wé mọ́ yẹn, wọ́n kọ 0.30/200 sí i. Ìyẹn ni pé tí okùn bá nípọn tó mìlímítà 0.30, mítà 200 ló máa gbà. Ẹ̀yin wá ní 0.35 lẹ fẹ́, nítorí àrọ̀ ńlá kan tí ẹ ní ó já okùn mọ́ yín lọ́wọ́ lọ́dún tó kọjá. Ìyàtọ̀ yẹn kéré lójú, àmọ́ okùn tó nípọn ń gba àyè níbùú, ó tún ń gbà á lóòró. Ẹ sọ 0.30 di ìlọ́po ara ẹ̀, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 200, kí ẹ wá fi 0.35 lọ́nà 0.35 pín in: bíi 147 ló máa fún yín. Ká ní 0.25 lẹ rà ni, rílì kan náà ì bá gbà tó 288. Mítà 147 yẹn náà, níbo lẹ fẹ́ jù ú dé? Ẹni tí ìwọ̀ ẹ̀ bá lọ tó mítà 50 ní Ọ̀pá, mo kí i.

Ọmọ iṣẹ́ dúró níbi tó ku bí ìnípọn igi ìṣáná kan kí okùn dé etí, mìlímítà 2 sí 3. Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá fi irú rílì yìí ju ìwọ̀, kẹ̀kẹ́ ẹ̀ kì í yí rárá. Okùn ló ń fò gba etí ẹ̀ jáde, òrùka kan tẹ̀lé òrùka kan, bí ìgbà tí èèyàn wé òwú mọ́ ìdí igò tó wá ń fà á yọ gba ẹnu igò. Etí yẹn ló ń kó wọn níjàánu. Tí okùn bá ti kún dé bẹ̀, òrùka mẹ́wàá á tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọn á ti kọ́ ara wọn kí wọ́n tó dé ojú àkọ́kọ́ tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá. Okùn ọ̀rá 0.35 tí ẹ rà yẹn sì le, kò fẹ́ jókòó jẹ́ẹ́, ó ń wá ibi tó máa ta gbà. Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì tó ń ránṣọ, ẹ ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí bọ́bìnnì tí wọ́n bá ká òwú sí ní àkájù.

Èyí tí kò bá kún tó náà níyà tiẹ̀: okùn á máa ha etí kẹ̀kẹ́ bó ṣe ń gòkè, ìwọ̀ ò ní lọ jìnnà. Èmi fara mọ́ ìyẹn jù. Ẹni tí ìwọ̀ ẹ̀ ò lọ jìnnà ṣì lè rí èpìyà méjì gbé lọ sílé. Ẹni tó jókòó tó ń tú kókó látàárọ̀ dọ̀sán ńkọ́?

Mo tún fẹ fótò tí ẹ fi sábẹ́ ọ̀rọ̀ yín tóbi, mo wò ó dáadáa. Okùn tí ẹ fi kún un nípọn ju tiwa lọ, àwọ̀ ewé ni. Kókó tí ẹ fi so méjèèjì pọ̀ wà lókè pátápátá, ìrù ẹ̀ gùn tó hóró ìrẹsì. Gbogbo òrùka tó bá fẹ́ jáde ló máa kọ́ ọ. Ẹ sì ní ọmọ yín kan fi bírò di kẹ̀kẹ́ okùn mú, ìyẹn èyí tí ẹ ń tú okùn kúrò lára ẹ̀, kí ẹ tó ká a. Àṣà yẹn wọ́pọ̀, àmọ́ fún irú rílì yìí, ó ń lọ́ okùn: apá wáyà kan wà lára rílì tó ń wé okùn, òun ló ń yí po kẹ̀kẹ́ rílì, gbogbo ìgbà tó bá yí po ló sì ń lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀ là ń tẹ́ kẹ̀kẹ́ okùn sí, kí orúkọ ẹ̀ kọjú sókè, ká fi àkísà tútù di okùn mú kó le. Tí ẹ bá ti yí ọwọ́ rílì tó ogún ìgbà, ẹ dúró, ẹ dẹ okùn. Tó bá ń lọ́ mọ́ra, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ ilẹ̀ dé.

Ẹ tún ní ọ̀rẹ́ yín kan ní Èkó sọ̀rọ̀ okùn híhun, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán tín-ín-rín hun pọ̀. Ó dáa, àmọ́ ó wọ́n. Tí ẹ bá sì wé e mọ́ kẹ̀kẹ́ lásán, ó máa ń yọ̀, gbogbo ẹ̀ á máa yí po lódindi. Ẹ kọ́kọ́ wé ọ̀rá sísàlẹ̀, kí okùn híhun mítà 100 wà lókè. Mítà 52 yín yẹn wúlò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Owó rílì, mi ò ní dá a padà, kò sóhun tó ṣe é. Ẹ gbé e wá lọ́jọ́ tó bá wù yín yàtọ̀ sí Sunday, kí ẹ má gé nǹkan kan kúrò lára ẹ̀. A óò bọ́ èyí tí ẹ fi kún un, a óò tún tiyín ká láìgba kọ́bọ̀. Ọmọ iṣẹ́ yẹn náà ló máa ká a, èmi á dúró tì í, ẹ̀yin náà á sì fi igi ìṣáná wọ̀n ọ́n fúnra yín.