Kú Ewu Ẹnu Lásán

Inú ń bí mi láti Sátidé, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ jáde kó má baà di ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹgbẹ́ aláàánú kan gbé kánọ́pì sí àdúgbò wa ní Ṣómólú, wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ìrànlọ́wọ́ fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn opó ológun. Ohun tó dáa ni. Ìrẹsì wà níbẹ̀, òróró wà, àga onítáyà mẹ́ta tí ọ̀rá ṣì wà lára wọn náà wà. Báńà ẹgbẹ́ wọn nìkan ló ga ju òpó iná lọ. Nígbà tó kan Bàbá Sójà, tí ojúlé mẹ́ta péré wà láàárín èmi pẹ̀lú ẹ̀, tó fi apá òsì ẹ̀ sílẹ̀ ní Làìbéríà, wọ́n gbé àpò ìrẹsì lé e láyà, ó fi ọwọ́ kan tó kù gbá a mọ́ra. Ayàwòrán ní ojú bàbá ò hàn dáadáa. Wọ́n gba àpò, wọ́n tún gbé e fún un. Ayàwòrán ní kí bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni àpò yọ̀ bọ́, ó ya, ìrẹsì dà sílẹ̀. Ni bàbá tó ń lọ sí àádọ́rin ọdún bá kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan ṣa ìrẹsì nínú iyẹ̀pẹ̀. Fóònù kankan ò sọ̀kalẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n kọ sára báńà yẹn: "Ajá tó relé ẹkùn tó bọ̀, ó yẹ ká kí i kú ewu." Gbogbo wa la mọ ohun tí ajá jẹ́ lójú ẹkùn, mi ò ní fìyẹn jẹ́ yín níyà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wọn pé ẹnu lásán la fi ń kíni kú ewu? Tí obìnrin bá bímọ, a ó lọ kí i kú ewu, ọṣẹ á wà lọ́wọ́ wa, a ó bá a pọn omi, a ó bá a fọ aṣọ ọmọ. Ẹni tó yè nínú jàǹbá ọkọ̀, a ó bi í pé ibo ló ń dùn ún. Kú ewu tí kò béèrè ibi tó ń dunni, ariwo ọjà ni.

Lọ́dọọdún, ọjọ́ 15 oṣù Kìíní, a máa ń ṣe ìrántí àwọn ológun wa pẹ̀lú òdòdó, ìbọn, fèrè àti ẹyẹlé funfun. Ogun abẹ́lé ló bí ọjọ́ náà: ọjọ́ yẹn ní 1970 ni Effiong, tó ń ṣolórí Biafra nígbà náà, wá sí Dodan Barracks níbí l'Ékòó, tó sọ níwájú Gowon, olórí ìjọba Nàìjíríà, pé Biafra ti parí. Ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá tí àwọn òyìnbó ń ṣe tiwọn la ń bá wọn ṣe. Mi ò bá ẹyẹlé jà. (Ẹyẹlé pàápàá máa ń kọ̀ láti fò nígbà mìíràn, bóyá òun náà ń dúró de pẹ́nṣọ̀n.) Ọjọ́ kẹrìndínlógún ni mo ń bi yín.

Èkó gan-an ni kò yẹ kó ṣe báyìí. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì tí gbogbo ẹni tí ọ̀kadà dá lẹ́sẹ̀ ń sá lọ, ṣé ẹ mọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀? 1945 ni, nígbà ogun Hitler. Àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè padà wúlò fún ara wọn. Àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ẹ̀ka ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tó lọ bá àwọn ará Jàpáànù jà nínú igbó Bọ́mà. Mi ò yin òyìnbó o; ṣebí òun náà ló kó wọn lọ sí ogun tí kì í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó dá ibẹ̀ sílẹ̀ rò ó pé ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ mọ́, báwo ló ṣe máa rìn? Kò rò ó pé báwo ló ṣe máa rí nínú fọ́tò.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí àga onítáyà. Ọ̀kan nínú mẹ́ta yẹn bọ́ sọ́wọ́ sájẹ́ńtì kan tí bọ́ǹbù gé lẹ́sẹ̀ ní Borno. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé ní Bàríga, gọ́tà tí wọ́n fi pákó méjì dábùú ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo lọ kí i lọ́jọ́ Ajé. Abẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ti bá àga náà, kẹ́ẹ̀gì omi mẹ́rin ló jókòó lé e. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó rí ojú mi. Ó wá gbé ọ̀pá abẹ́ abíyá rẹ̀ kan sókè, ó ní kí n wo ìdí ẹ̀. Rọ́bà ìdí ọ̀pá ti jẹ tán kan irin. Ó gé táyà ògbólógbòó lọ́dọ̀ ẹni tó ń lẹ táyà nísàlẹ̀, ó fi okùn dì í mọ́ ọn. Tí òjò bá rọ̀, á máa yọ̀ lórí àtẹ̀gùn bí ọṣẹ. Ẹsẹ̀ àtọwọ́dá tí wọ́n ṣe fún un ò wọ̀ ọ́ mọ́, torí kùkùté ẹsẹ̀ máa ń fọn sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ihò ẹsẹ̀ náà á wá máa ta á lára. Ìbọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń há a. "Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ká ní wọ́n bi mí ni, rọ́bà ni mi ò bá béèrè."

Ká ní wọ́n bi í! Ẹni tí yóò ya fọ́tò kò ráyè béèrè ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ṣoore ká lóṣòó tì í, òwe yẹn ló sì yẹ kí wọ́n kọ sára báńà ọ̀hún. Tiwọn tilẹ̀ kọjá ìlóṣòó. Wọ́n tẹ́ ẹní sẹ́gbẹ̀ẹ́ oore wọn, wọ́n gbé ìrọ̀rí wá, wọ́n pe àwọn oníròyìn kí wọ́n wá wo bí àwọn ṣe sùn tì í.

Ti opó kan ló tún dùn mí jù. Àkàrà ló ń dín ní Oṣòdì láti ìgbà tí ọkọ ẹ̀ ti kú sójú ogun, tó sì ti di dandan kó jáde ní bárékè. Adarí ètò na ẹ̀rọ gbohùngbohùn sí i pé kó sọ bí ọkọ ẹ̀ ṣe kú kí àwọn èèyàn lè mọ̀ ọ́n lára. Obìnrin náà wo ilẹ̀, ó sọ ọ́. Ó ní wọn ò rí òkú. Ọmọ ẹ̀ ọkùnrin, tí kò lè ju ọmọ ọdún mọ́kànlá lọ, jókòó sórí àpò ìrẹsì tí wọ́n ti kọ́kọ́ fún wọn. Mo rí i nígbà tó gbójú sókè wo ìyá ẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ojú ọmọ báyẹn rí mọ̀ pé ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbọ́ ọ. Àtẹ́wọ́ sì dún.

Ewu ogun kì í sì í mọ sórí sójà. Àwa ará Èkó kò tíì gbàgbé ọjọ́ 27 oṣù Kìíní 2002, ọjọ́ méjìlá péré lẹ́yìn ìrántí ọdún yẹn, tí ohun ìjà tí wọ́n kó pamọ́ sí bárékè Ìkẹjà bú gbàmù. Èèyàn tó ju 1,000 ló kú, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jẹ́ ìyá àtọmọ tó sá bọ́ sínú kànáàlì Òkè-Àfà lóru.

Nítorí náà, ẹ̀yin aláàánú, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹ lọ bá wọn nílé kí ẹ tó ra nǹkan. Ẹ ka àtẹ̀gùn ilé wọn. Ẹ bi wọ́n pé ta ló ń mú wọn lọ sílé ìwòsàn, èló lowó ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ san owó ilé ìwé ọmọ, ẹ lọ san án fún ilé ìwé, kí ọmọ náà má mọ̀ yín. Ẹ má pe opó jáde kó wá fi òkú ọkọ ẹ̀ gba ìrẹsì, ìwọ̀sí nìyẹn. Ẹ̀yin onílé, ẹ yéé lé wọn nítorí pé owó ìfẹ̀yìntì pẹ́ dé. Ẹ̀yin kọ̀ńdọ̀ tó ń pariwo "bàbá olọ́wọ́ kan, ẹ wọlé wàrà, à ń lọ," ẹ̀yin ò ní dàgbà ni?

Ọwọ́ tèmi náà ò mọ́. Mo jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù wọn lọ́jọ́ náà, ẹran méjì ló wà níbẹ̀, mo sì wà lẹ́yìn nínú ọ̀kan lára fọ́tò yẹn, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí kò rí nǹkan kan. Fọ́tò Bàbá Sójà níbi tó ti kúnlẹ̀ ń ṣa ìrẹsì ṣì wà lórí Facebook wọn títí di àárọ̀ yìí, wọ́n kọ "Ọlọ́run yóò san án fún wa" sábẹ́ ẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ bàbá náà ní fóònù. Ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ má dúró dọ̀la, òní ni mo ní kí ẹ yọ ọ́.