Ohùn ló mú kí àwàdà yẹn dùn
Àwọn kan máa ń sọ pé látìgbà tí ohùn ti wọ fíìmù ni àwàdà ká ṣubú ká tún dìde ti bàjẹ́. Èmi ò gbà o! Ẹ lọ wo fíìmù The Music Box tí Laurel àti Hardy, àwọn aláwàdà méjì, ṣe lọ́dún 1932, kò ju bí ọgbọ̀n mínìtì lọ, kẹ́ ẹ wá bá mi jiyàn.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbà ò ju kí wọ́n gbé píánò kan délé oníbàárà, ilé ọ̀hún wá lọ wà lókè àtẹ̀gùn gbọọrọ kan ní Los Angeles (àtẹ̀gùn yẹn ṣì wà níbẹ̀ dòní, ìgbésẹ̀ orí ẹ̀ lé ní 130). Wọ́n á gbé e dé ìdajì, á já mọ́ wọn lọ́wọ́, á yí gbirigbiri padà sísàlẹ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ ò sì rí píánò yẹn o, inú àpótí pákó ló wà, àmọ́ gbogbo ìgbà tí àpótí bá ti fìdí gbá àtẹ̀gùn lẹ ó máa gbọ́ tí wáyà inú ẹ̀ ń han gooro bí ẹni tí wọ́n ń nà. Ohùn yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín! Wọ́n ti ṣe irú ẹ̀ rí ní 1927 nígbà tí fíìmù ò tíì ní ohùn, orí àtẹ̀gùn yìí kan náà, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni wọ́n gbé nígbà yẹn, fíìmù ọ̀hún ti sọnù, àmọ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ wo ló fẹ́ ké bíi píánò?

Ohun tí mo tún fẹ́ràn ni pé wọn kì í kánjú. Nígbà tí wọ́n gbé e dókè tán, pósítímáànù kan ní ṣebí ọ̀nà mọ́tò wà tó dé òkè, ńṣe ni wọ́n rọra gbé píánò sọ̀kalẹ̀ padà kí wọ́n lè gba ọ̀nà yẹn gòkè, tọkàntọkàn o, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sí wa nínú wọn.

Ìyàwó onílé ló ra píánò yẹn fún ọkọ ẹ̀, ọkọ wá kórìíra píánò bí nǹkan míì, ló bá fa àáké yọ, ó ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Píánò tó máa ń dá kọrin ni, bó ṣe ń gé e lọ ló gbé orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà sẹ́nu, bí gbogbo wọn ṣe dúró ṣánṣán nìyẹn, wọ́n ń ṣe sàlúùtù, orin yẹn parí báyìí, bàbá tún kó àáké bò ó! Ẹ yọ ohùn kúrò níbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó bóyá ẹ̀rín á kù.